Ọdún Tí Ìgò Wáìnì Kún Báàfù Wa

Lówùúrọ̀ Sátidé lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ohun tó máa ń jí mi kì í ṣe aago, kì í sì í ṣe ohùn ìyá mi. Ìró ìgò ni. Ìgò á máa kan ìgò lára báàfù, ẹ̀rọ omi á máa hó, Uncle Wàsíù á sì máa kùn bí ẹni ń kọrin tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ilé kánsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀, là ń gbé ní Peckham ní London, ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n wó àwọn búlọ́ọ̀kù àtijọ́ North Peckham. Yàrá méjì ni, pálọ̀ kan, kíṣìnì tí ènìyàn méjì ò lè dúró sí kí wọ́n má fara kan ara wọn, àti bàlùwẹ̀ kan ṣoṣo. Inú bàlùwẹ̀ yẹn ni báàfù wà, inú báàfù yẹn ni ìgò ọtí wà, ilé Mùsùlùmí sì ni ilé wa. Bàbá mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì, kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ìyá mi, tó máa ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nílé wọn, kì í tilẹ̀ jẹ kéèkì tí kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí àlejò bá ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá nílé wa lọ́jọ́ Sátidé, a ó ní kó jókòó ná, kó mu omi, ẹnì kan nínú wa á sì sáré lọ fa kọ́tìnì báàfù.

Uncle Wàsíù ni àbúrò tó tẹ̀ lé ìyá mi. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé lọ́dún náà, orí àga gígùn ní pálọ̀ ló ń sùn, ó sì máa ń ká aṣọ ìbora rẹ̀ kí àwa tó jí, débi pé bí ènìyàn bá wọlé, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan sùn níbẹ̀. Ilé oúnjẹ ńlá kan láàárín London ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí àwọn olówó ti ń jẹun lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ tó. Bí ìyá mi bá gbé ògì àti àkàrà sílẹ̀ láàárọ̀, òun ni yóò máa ròyìn fún wa. Lọ́dún yẹn, àwọn oníbàárà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn tó ń ti Ṣáínà, Hong Kong àti Singapore wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè gbà á gbọ́," ni yóò wí fún ìyá mi. "Wọn kì í kọ́kọ́ wo oúnjẹ. Orúkọ wáìnì ni wọ́n ń bèèrè. Ìgò kan ṣoṣo, owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀!" Ó ní lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ọ̀gá rẹ̀ wá jẹun. Ó ra ìgò tó wọ́n jù nínú ilé náà, ó sì ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ kí ìwé orúkọ tó wà lára rẹ̀ kọjú sí ọ̀gá. Nígbà tó yá, ó dá uncle mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ó ń bèèrè lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mu ún ni, àbí kí òun dúró de ọ̀gá. "Èmi tí mi ò mutí rí ló ń bi!" ni Uncle wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ògì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí lo wá sọ fún un?" Uncle ní òun sọ fún un pé kó dúró de ọ̀gá rẹ̀, torí nílé tiwa, àgbà ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè.

Ní báyìí tí mo ti kọjá ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà náà, mo máa ń ronú nípa ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Sydenham ni mò ń gbé báyìí, bí mo bá sì gba Lordship Lane kọjá, mo máa ń rí ìgò wáìnì nínú dígí ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ á sì wá sí mi lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ èmi ò rí i rí. Nígbà náà, wáìnì Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni ńlá lọ́hùn-ún ni. Owó ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kíákíá, wọ́n sì ń wá ohun tí aráyé yóò fi mọ̀ pé ó dé. Ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ìjọba gbé ìgò lọ, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ènìyàn gbé ìgò lọ. Mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń mu ún nítorí adùn rẹ̀ báyìí, pé wọ́n tilẹ̀ ń gbin èso rẹ̀ fúnra wọn. Kò yé àwa ọmọdé nígbà náà, a kàn ń fi wọ́n ṣẹ̀rín ni. Bẹ́ẹ̀, ta ni àwa? Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni, orúkọ oyè ni, ilé alájà tí ẹnikẹ́ni ò gbé inú rẹ̀ ni. Ohun tí oníkálukú fi ń tọrọ ọ̀wọ̀ ló yàtọ̀, ebi ọ̀wọ̀ náà kò yàtọ̀.

Nígbà tí àwọn oníbàárà bá mu wáìnì wọn tán, iṣẹ́ Uncle Wàsíù ni láti kó ìgò òfìfo lọ sẹ́yìn. Dípò kó dà wọ́n nù, ó ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wé àwọn tó lórúkọ, ó ń kó wọn bọ̀ wálé nínú báàgì. Lọ́jọ́ Sátidé ni yóò fi ọ̀rá wé ìwé ara wọn kí omi má baà kàn án, yóò fi àrọ rọ omi gbígbóná sínú wọn, yóò mì wọ́n, yóò dà á nù. Èmi ni mo máa ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ara wọn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn púpọ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ya ilé olórùlé ṣóńṣó sára ìwé rẹ̀, tí ẹyẹ kan bà sórí rẹ̀, mo sì máa ń rò pé ibì kan wà láyé tí ẹyẹ yẹn ń gbé. Tó bá di ọ̀sán, ọkùnrin òyìnbó kan á gbé ọkọ̀ funfun wá, á ra gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọn olówó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kejì. Ẹran ń pọ̀ sí i nínú ọbẹ̀ wa, mo bá kíláàsì mi lọ ṣeré ní etíkun, Uncle sì ń fi owó ránṣẹ́ sí Ìwó, níbi tó ti ń kọ́lé.

Ẹni tó kọ́kọ́ bèèrè ìbéèrè tó yẹ ni Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tó wá láti Ìsẹ́yìn lọ́dún náà kó lè máa wò wá bí ìyá mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bùtà rọ́bà tó fi ń ṣe àlùwàlá ló gbé wá láti ilé, ó ní òun ò mọ irú èyí tí wọ́n ń tà níbí. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ òórùn ọtí nínú bàlùwẹ̀ ni kò ti wọ ibẹ̀ ṣe àlùwàlá mọ́. Kíṣìnì ló ń lọ, á gbé ẹsẹ̀ sókè sínú síǹkì tí a ti ń fọ abọ́, ẹ̀rù á máa ba gbogbo wa kó má ṣubú. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. "Màámi, ìgò òfìfo lásán ni. Kò sí ọtí nínú rẹ̀." Ìyá Àgbà wò ó títí. "Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀," ó ní, "kí ló dé tí wọ́n ń bẹ̀rù kí omi má kan ìwé ara rẹ̀? Ta ló ń fọ inú àwo, tó wá ń di ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́rá?" Bàbá mi gbé fìlà rẹ̀, ó ní ọkọ̀ òun ń dúró de òun ní gáréèjì.

Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni Àńtí Lin ń gbé pẹ̀lú Mei, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀rẹ́ mi. Láti ẹkùn kan létí òkun ní Ṣáínà ló ti wá, ó sì ń dín oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì. Òyìnbó rẹ̀ kò pọ̀, ti Ìyá Àgbà kò sí rárá, síbẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀rẹ́. Láti ìgbà tí Àńtí Lin ti mọ̀ pé a kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀fọ́ nìkan ló ń wé sínú ìyẹ̀fun tó ń gbé wá fún wa, á sì tọ́ka sí i, á mi orí, á ní, "No pig, Grandma, no pig." Ìyá Àgbà á fi mọ́ínmọ́ín kún abọ́ náà kó tó dá a padà, torí ó ní a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Bí wọ́n bá jókòó ní kíṣìnì wa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rín wọn sì máa ń pọ̀ ju ti àwọn tó gbọ́ èdè ara wọn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Àńtí Lin wọlé wá láìkanlẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àpótí ní kíṣìnì, ó bú sẹ́kún. Ìyá mi sáré pa iná ọbẹ̀. Mei ló ń bá a ṣe ògbufọ̀ fún wa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ́hùn-ún fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan, bàbá ọmọ náà sì jẹ́ ènìyàn pàtàkì nínú ilé iṣẹ́ tí àbúrò yìí ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe àsè kí ẹbí méjèèjì lè mọra. Àńtí Lin gbọ́ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè lọ sírú ibẹ̀ láìmú wáìnì Faransé tó lórúkọ dání, ló bá ṣe iṣẹ́ àṣekún títí, ó sì fi ohun tó rí níbẹ̀ ránṣẹ́, àbúrò rẹ̀ sì ra ìgò kan. Wọ́n ṣí i níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa wáìnì níbi tábìlì mu díẹ̀, ó wo ìdérí rẹ̀, ó wo ìwé ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìgò náà jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ọtí tí wọ́n rọ sínú rẹ̀, ọtí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n da àwọ̀ sí ni. Bàbá ọmọ náà dìde nídìí oúnjẹ. Ó ní ẹni tó lè gbé ayédèrú wá síwájú òun, ayédèrú ni ìfẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àbúrò Àńtí Lin kò gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

"Kí ni wọ́n ń wí?" ni Ìyá Àgbà bi mí. Mei ti sọ fún mi lóyìnbó pé àbúrò ìyá òun ti pàdánù ojú rẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. "Ìyá Àgbà, wọ́n ní ojú ẹ̀ ti sọnù." Mo rò pé kò ní yé e. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ojú tì í nìyẹn," ó ní. "Ojú tì í láàárín àwọn tó ń wá ojúure wọn. Háà, ọmọ ọlọ́mọ." Àńtí Lin wá mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán ìgò náà han ìyá mi. Mo na ọrùn, mo sì rí ilé olórùlé ṣóńṣó, mo rí ẹyẹ. Ìyá mi náà rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú fóònù náà bí ẹni mú ohun tó gbóná, ó dá a padà, ó ní kí n gbé omi tíì kaná. Títí Àńtí Lin fi lọ, ìyá mi ò gbójú sókè wò ó mọ́.

Ó dúró di ọjọ́ Sunday, nígbà tí Uncle Wàsíù kì í lọ síbi iṣẹ́. A kírun Àyìlá ọ̀sán tán ní pálọ̀, bàbá mi ń ká ẹní, ìyá mi ní, "Wàsíù, jókòó." Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Ó wá ní, "Ṣé o mọ̀?" Uncle wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀." Ìyá mi ní, "Mi ò bi ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀." Ìgbà náà ni Uncle dáhùn pé òun ti fura láti ọjọ́ tí ọkùnrin ọlọ́kọ̀ funfun ti ń bèèrè ìdérí pẹ̀lú ìgò. Ó wá bínú, bí ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ṣe máa ń bínú. "Ṣùgbọ́n kí ló kàn mí? Ìgò òfìfo ni mo tà! Àwọn tó ń ra ìgò kan ní owó tí mo fi ń gbọ́ bùkátà lọ́dún, tí wọ́n á mu ìdajì, tí wọ́n á dìde, ṣé àwọn ni mo fẹ́ máa káàánú? Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tàn jẹ nínú wọn, owó rẹ̀ ló pọ̀ jù." Bàbá mi ní kó rọra. Ìyá mi tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ilé. "Ṣé owó Lin ló pọ̀ jù?" Ìyá Àgbà, tó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lórí ẹní, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀." Ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ.

Ohun tó le níbẹ̀ kì í ṣe pé kí Uncle ṣíwọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gbà láti ṣíwọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni bóyá kí a sọ fún Àńtí Lin. Bàbá mi ní kí a má sọ, ó ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, pé bó bá dé etí àwọn tó gba Wàsíù síṣẹ́, wọn yóò lé e, bóyá ọlọ́pàá náà yóò sì wọ̀ ọ́. Ó fi orúkọ mi pe ìyá mi, bó ṣe máa ń ṣe: "Ìyá Sìdí, ìgò pọ̀ láyé. Ta ló lè sọ pé láti báàfù wa ni tibẹ̀ yẹn ti jáde?" Òótọ́ ni. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá mi ń sunkún láìdún. Ọ̀kan, ọmọ ìyá rẹ̀; èkejì, obìnrin tó ń wé ẹ̀fọ́ fún un nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Mi ò rí ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Àgbà ló parí rẹ̀. Ó dìde, ó so gèlè, ó wọ bàtà. "Àṣàbí," ó ní, oríkì mi nìyẹn, "wá bá mi ṣe ẹnu. Wàsíù, tẹ̀ lé wa." Bàbá mi ní, "Màámi!" Ó ní, "Mo ti ń jẹ nínú ẹran ìgò yẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

Báyìí la ṣe dé inú pálọ̀ Àńtí Lin. Ìyá Àgbà ń sọ Yorùbá, èmi ń sọ ọ́ lóyìnbó fún Mei, Mei ń sọ ọ́ lédè tiwọn fún ìyá rẹ̀. Yorùbá mi nígbà náà, Yorùbá ọmọ Peckham ni, kò ní egungun. Ìyá Àgbà ní, "Sọ fún un pé láti ilé wa ni ẹ̀gbin náà ti jáde." Mo túmọ̀ ẹ̀gbin sí dọ́tì. Ó dé ọ̀dọ̀ Àńtí Lin, ó dìde, ó ń tọrọ àforíjì, ó ní òun ò mọ̀ pé báàgì ìdọ̀tí òun ń dí wa lọ́nà, òun yóò gbé e kúrò. Bí kì í bá ṣe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín. Uncle Wàsíù ló wá gbẹnu ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ lóyìnbó tó rọrùn, díẹ̀díẹ̀: ibi tó ń ṣiṣẹ́, ìgò, ọkọ̀ funfun, àwọn tó ń rọ nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Bí ó ṣe ń yé Àńtí Lin ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà mi, tí a máa ń dì lọ́wọ́ mú kó tó lè dìde lórí ẹní, tí gbogbo ayé ń kúnlẹ̀ kí! Ẹ̀rù ba Àńtí Lin, torí wọn kì í jẹ́ kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé nílùú tiwọn náà. Òun náà kúnlẹ̀ kíá, ó ń fà á lápá. Uncle dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Èmi àti Mei nìkan la ṣẹ́ kù lórí ìdúró, a di ara wa lọ́wọ́ mú, a ò mọ ibi tí a ó máa wò.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí, pé a ó gbá ara wa mọ́ra, abọ́ yóò sì tún máa lọ, máa bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àńtí Lin gbé Ìyá Àgbà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Kò bú wa. Bí a bá kí i ní àtẹ̀gùn lẹ́yìn náà, yóò mi orí, yóò kọjá. Ó ní kí Mei má wá sílé wa mọ́. Uncle bó ìwé ara àwọn ìgò tó kù, ó sì lọ kó wọn sínú àpótí ìgò tí kánsù gbé sójú títì. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkùnrin ọlọ́kọ̀ funfun dé, Uncle ní kò sí mọ́. Òyìnbó náà ní òun lè fi kún owó. Uncle ní rárá. Ọkùnrin náà wá ní òun mọ ibi tí Uncle ń ṣiṣẹ́ o. Bàbá mi, ẹni tó ní kí a má sọ̀rọ̀, sọ̀ kalẹ̀ látòkè nínú yunifọ́ọ̀mù bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó dúró ti àna rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Ọkọ̀ náà lọ, kò sì padà wá mọ́.

Òjò ti ń di òtútù kí Àńtí Lin tó tún kanlẹ̀kùn wa. Kò wọlé. Ó ní òun ti fi lẹ́tà orí fóònù sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò òun, àbúrò òun sì ti bẹ bàbá ọmọ náà kó wá gbọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ rí ojú ẹni tó ń ta ìgò. Ìyá mi wo Uncle. Uncle wọlé, ó fárí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ síbi iṣẹ́. Lówùúrọ̀ Sunday, tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, gbogbo wa jókòó sílé Àńtí Lin níwájú kọ̀ǹpútà àgbélétan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ lójú rẹ̀, ó rù, ó jọ Mei ní ojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bàbá ọmọbìnrin náà, àgbàlagbà kan tó ti ń pá, ife tíì wà níwájú rẹ̀. Bàbá náà ò kí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi, Mei sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ibo ni ìgò ti ń wá? Báwo ni wọ́n ṣe ń jáde? Ṣé ẹni tó rà á níkẹyìn lè fi ojú lásán mọ̀? Uncle ní, "Kò lè mọ̀ ọ́n. Ìgò gidi ni, ìwé gidi ni. Èmi fúnra mi ni mo rí i dájú pé omi ò kàn án." Bàbá náà wá ní, "Kí ni iṣẹ́ rẹ gan-an nínú ilé oúnjẹ náà?"

Ìyá mi yí ojú sí Uncle, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń ba ìyá mi. Ohun tí èmi ò mọ̀ nígbà náà, tí ìyá mi sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà, ni pé gbogbo Ìwó ló gbà pé máníjà ni Wàsíù ní London. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́dún tó kọ́kọ́ dé. Bàbá òun àti ìyá mi sì ti sọ ọ́ ní mọ́sálásí, wọ́n ti fi ṣàdúrà. Kò tíì sọ òdodo yẹn síta rí, àní fún àwa pàápàá. Ó na ọrùn bí ẹni tí kọ́là ń há mọ́. "Èmi ló ń palẹ̀ mọ́," ó ní. "Mo máa ń kó abọ́ tí àwọn ènìyàn jẹun sílẹ̀, mo sì máa ń fọ̀ ọ́." Mei túmọ̀ rẹ̀. Bàbá àgbà yẹn gbé ife rẹ̀, kò mu, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "O lè dákẹ́. Kí ló dé tí o fi ń sọ èyí fún wa?" Uncle tọ́ka sí ìyá mi, ó tọ́ka sí Àńtí Lin. "Ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin yẹn jọ ń gbé ni. Bí ojú bá ń ti ọ̀kan, èkejì ò lè jẹun."

Wọn ò fẹ́ra wọn, ọmọbìnrin yẹn àti àbúrò Àńtí Lin. Ọ̀rọ̀ ti ba ọkàn jẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ náà sì ti ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bàbá náà pe gbogbo àwọn tó jókòó síbi àsè ọjọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún wọn pé wọ́n tan ọmọkùnrin náà jẹ ni, kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Àbúrò Àńtí Lin gbé ojú sókè níbi iṣẹ́, ó sì tún ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Uncle fi iṣẹ́ ilé oúnjẹ yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lé e, ó rí òmíràn ní kíṣìnì ilé ìwòsàn kan, ibi tí kò sí ìgò kankan bí kò ṣe ti omi ọsàn. Ilé rẹ̀ ní Ìwó dúró lójú fèrèsé fún ọdún púpọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Ọjọ́ Sunday yẹn gan-an, nígbà tí a ti ilé Àńtí Lin dé, Uncle Wàsíù ò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Ó tọrọ fóònù lọ́wọ́ ìyá mi, ó jókòó sórí àga gígùn, ó pe Ìwó. Ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. A gbọ́ ohùn bàbá wọn, ohùn àgbà tó máa ń pariwo torí ó rò pé London jìnnà. Uncle kí i, ó kí i, ó tún kí i. Ó wá ní, "Bàbá, mo ní nǹkan sọ fún yín. Èmi kì í ṣe máníjà. Mi ò ṣe é rí. Abọ́ ni mò ń fọ̀." Ìyá mi ti bo ẹnu. Adìyẹ kan ń ké lọ́hùn-ún, ẹnì kan ń gún nǹkan. Nígbà tí bàbá wọn sọ̀rọ̀, kò pariwo mọ́.

"Wàsíù," ó ní, "ìyá rẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kó tó kú. Ó ní àárẹ̀ inú ohùn rẹ pọ̀ jù fún máníjà. Ṣé o ti jẹun lónìí?"

Uncle Wàsíù fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú. "Rárá, bàbá," ó ní. "Mi ò tíì jẹun."

Ìyá mi ti dìde, ó ti ń gbé omi ẹ̀bà kaná.